Ọrùn mi dúdú, mo ṣe bí ìdọ̀tí ni: ohun tí ọ̀rá inú oúnjẹ ń ṣe sí iṣan wa



Lọ́dún tó kọjá, mo lọ gẹ irun. Bí bábà ṣe tẹ orí mi síwájú kó lè rí ẹ̀yìn ọrùn mi fá, ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé kànìnkànìn kì í dé ẹ̀yìn ọrùn yín ni?" Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí gan-an. Nígbà tí mo délé, mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ha ọrùn náà títí ó fi ń ta mí. Kò kúrò. Ó dúdú, ó sì nípọn díẹ̀, bí aṣọ àrán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ha á.

Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wa tó máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá mi wò. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí àtọ̀gbẹ, tí àwọn míì ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti ń bá màmá mi fínra. Ó ti gba ìka ẹsẹ̀ wọn kan. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yìí rí ọrùn mi, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Àbúrò, fi ọrùn yẹn sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láàárọ̀ ọ̀la, má sì jẹun kó o tó lọ."

Èsì àyẹ̀wò jáde: 112. Tí èèyàn ò bá tíì jẹun láti alẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò yẹ kó tó 100. Láti 100 sí 125, ẹni náà ti ń rìn lọ́nà àtọ̀gbẹ. Tó bá jẹ́ 126 lọ sókè, tí àyẹ̀wò kejì náà sì sọ bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Èmi kì í mu mínírà, mi ò kì í fi ṣúgà sí tíì. Báwo ni ṣúgà ṣe wá rí mi? Ìbéèrè yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ohun tí mo sì rí kà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí. Kì í ṣe ṣúgà tí mò ń jẹ nìkan ló yẹ kí n máa ṣọ́. Ọ̀rá náà wà ńbẹ̀.

Iṣan ni ilé tí ṣúgà ń wọ̀ sí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá jẹ ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, ara máa sọ ọ́ di ṣúgà kan tó ń jẹ́ glúkóòsì, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e káàkiri. Inú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló yẹ kó jókòó sí o. Ó yẹ kó wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ, kí wọ́n lè fi ṣe agbára. Bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó fara pa mọ́ sínú ikùn, tí wọ́n ń pè ní pancreas, á tú ínsúlínì jáde. Ínsúlínì ló máa lọ sọ fáwọn sẹ́ẹ̀lì pé, ẹ ṣílẹ̀kùn, oúnjẹ ti dé.

Ibo ni ọ̀pọ̀ ṣúgà yẹn ń wọ̀ sí? Iṣan ni. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wí o. Ẹran ara wa ni: ti itan, ti apá, ti ìdí, ti ẹ̀yìn, èyí tó máa ń ki tí ẹ bá gbé nǹkan tó wúwo. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fa ínsúlínì àti ṣúgà sí ara àwọn tí ara wọn le, wọ́n rí i pé iṣan ló gba nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ṣúgà náà. Torí náà, tí iṣan bá tilẹ̀kùn, kò síbi tí ṣúgà máa gbà. Ẹ̀jẹ̀ ló máa kù sí.

Ẹ wo bí ilẹ̀kùn yìí ṣe ń ṣí. Ínsúlínì kì í wọlé fúnra ẹ̀. Ìta ló máa ń dúró sí, á tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ nínú ilé ni purotéènì kan tó ń jẹ́ IRS-1. Òun á jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, ẹlòmíì á jẹ́ ẹ fún ẹlòmíì, títí á fi dé ọ̀dọ̀ Akt. Akt ló máa sọ fún adènà tó ń jẹ́ GLUT4 pé kó dìde nínú yàrá, kó wá síta, kó sì jẹ́ kí ṣúgà wọlé. Tí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn oníṣẹ́ yìí bá sùn lọ, aago á máa dún lásán ni.

Ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàwárí ínsúlínì ní Toronto, ní Kánádà. Ní January 1922, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa ní abẹ́rẹ́ ẹ̀, ó sì yè é. Irú àtọ̀gbẹ tí ọmọ yẹn ní, ara kì í ṣe ínsúlínì tó tó mọ́ ni. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ínsúlínì wà lára mi, ó tiẹ̀ ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣòro tèmi ni pé iṣan mi ti kọ etí ikún sí i.

Ta ló di àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́?

Ní 1963, Philip Randle àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi iṣan èkúté ṣe ìdánwò. Wọ́n rí i pé tí ọ̀rá bá ti pọ̀ níwájú iṣan, ọ̀rá ni iṣan á máa jó, á sì fi ṣúgà sílẹ̀. Ẹ rò ó bí ilé ìdáná tó ní sítóòfù kan ṣoṣo: tí ìkòkò kan bá ti wà lórí iná, èkejì gbọ́dọ̀ dúró. Randle rò pé ṣúgà ti máa ń wọlé ná kó tó di pé ó rí ìdíwọ́.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún kí àwọn míì tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa lára èèyàn. Ní 1996, Michael Roden, Gerald Shulman àti ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, fa ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí nǹkan kan ò ṣe, wọ́n sì ń wo bí ara wọn ṣe ń gba ṣúgà. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣúgà tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó máa fi pé wákàtí 6, ó ti fi nǹkan bí ìdá 46 nínú 100 dín kù. Ẹ rò ó wò ná: àwọn tí ara wọn le, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo! Wọ́n fi ẹ̀rọ tó lè wo inú iṣan láìgé e yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n sì rí yàtọ̀ sí ti Randle. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ìdíwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣúgà ò ráyè wọlé ni.

Báwo ni ọ̀rá ṣe ń di ẹnu ọ̀nà? Tí ọ̀rá bá wọ inú iṣan, ibi méjì tó dáa ló yẹ kó lọ: kí iṣan jó o láti fi ṣe agbára, tàbí kó dì í bí ẹ̀kán kékeré, kó tọ́jú ẹ̀ di ìgbà tó bá yá. Àmọ́ tí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tí iṣan lè jó tàbí tọ́jú lọ, àwọn àjẹkù á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ láàárín ilé. Méjì táwọn olùwádìí mọ̀ dáadáa nínú wọn ni diacylglycerol àti ceramide. Diacylglycerol máa ń jí purotéènì kan tó máa di IRS-1 lọ́wọ́. Ceramide máa ń dá Akt dúró. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èwo nínú méjèèjì ló ń ṣe jàǹbá jù, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn já sí: aago ń dún, GLUT4 ò dìde.

Kẹ́ẹ̀gì tó kún àkúnwọ́sílẹ̀

Kí ló wá kan sísanra níbẹ̀? Ara wa ní kẹ́ẹ̀gì tó ń kó ọ̀rá pamọ́ sí: àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, ní ìdí àti ní itan. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀, ìpamọ́ ni. Ṣùgbọ́n tá a bá ń jẹ ju ohun tí ara ń lò lọ lójoojúmọ́, kẹ́ẹ̀gì á kún. Tó bá kún tán tá ò sì yéé dà sí i, ọ̀rá á máa ṣàn lọ síbi tí kò yẹ: sínú ẹ̀dọ̀, sí àyíká ìfun, sínú iṣan.

Nǹkan míì tún wà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ínsúlínì ló máa ń sọ fún kẹ́ẹ̀gì yìí pé kó pa ìdérí ẹ̀ dé, kó má tú ọ̀rá síta. Tí kẹ́ẹ̀gì náà bá ti kọ etí ikún, á máa tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Iṣan ò tíì jó tàná tán, tòní tún ti dé.

Tí pancreas bá rí i pé wọn ò dá òun lóhùn, ńṣe ló máa ń pariwo sí i: á tú ínsúlínì tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fún ọdún díẹ̀, ariwo yẹn lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ṣúgà máa wà níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ínsúlínì tó pọ̀ jù máa ń mú kí awọ ara nípọn, kó sì dúdú, pàápàá ní ẹ̀yìn ọrùn àti abíyá. Ohun tí bábà rí lọ́rùn mi nìyẹn. Ariwo pancreas mi ni mò ń fi kànìnkànìn ha. Tó bá sì ti rẹ pancreas, tí kò lè pariwo mọ́, ìgbà yẹn ni àtọ̀gbẹ máa wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin lẹ́pa, ẹ má tíì máa yọ̀ o. Ní 2004, Kitt Petersen, Shulman àti ẹgbẹ́ wọn ní Yale ṣàyẹ̀wò àwọn ọ̀dọ́ tí kò sanra rárá, àmọ́ tí òbí wọn ní àtọ̀gbẹ, tí ara tiwọn náà kì í sì gbọ́ ti ínsúlínì. Wọ́n rí i pé ọ̀rá inú iṣan wọn fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ju tàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Torí náà, tí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ìdílé yín, bí ara yín ṣe rí nínú dígí ò tó láti fi ṣèdájọ́.

Gbogbo ọ̀rá kọ́ ló rí bákan náà

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ẹnì kan á ti máa bi mí pé, "Ṣé ká má jẹ epo mọ́ ni?" Rárá o. Ara nílò ọ̀rá. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rá yàtọ̀ síra. Èyí tó máa ń dì nígbà òtútù, bíi bọ́tà àti ọ̀rá ẹran, saturated ló pọ̀ nínú ẹ̀. Èyí tó máa ń ṣàn, bí òróró ẹ̀pà àti ọ̀rá ẹja Titus, irú kejì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Palmitic acid, tó jẹ́ ọ̀kan lára saturated, ni ara máa ń lò láti fi ṣe ceramide tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Oleic acid, tó pọ̀ nínú òróró ẹ̀pà àti òróró ólífì, máa ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti di ọ̀rá náà pamọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má fi í sílẹ̀ káàkiri ilé.

Wọ́n ti dán èyí wò lára èèyàn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní KANWU, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2001, èèyàn 162 láti Finland, Denmark, Ítálì, Ọsirélíà àti Sweden jẹ irú ọ̀rá kan tàbí èkejì fún oṣù mẹ́ta. Lára àwọn tó jẹ saturated, bí ara ṣe ń gbọ́ ti ínsúlínì fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 burú sí i. Tàwọn tó jẹ irú èyí tó wà nínú òróró ólífì ò burú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tó kù: àwọn tí ọ̀rá kó ju ìdá 37 nínú 100 gbogbo agbára oúnjẹ wọn lọ, èrè yẹn ò sí fún wọn. Òróró tó dáa tó bá ti pọ̀ jù, ó ti pọ̀ jù náà nìyẹn.

Ìwádìí kejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Uppsala, ní Sweden, wọ́n fún ọ̀dọ́ 39 ní kéèkì kékeré tí wọ́n á máa jẹ lé oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ 7 kí wọ́n lè sanra díẹ̀. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ti apá kan, òróró sunflower ni wọ́n fi ṣe ti apá kejì. Èsì jáde ní 2014. Ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì fi wúwo sí i dọ́gba, nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀. Àmọ́ ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti ti àyíká ìfun ló pọ̀ sí i jù lára àwọn tó jẹ epo ọ̀pẹ, nígbà tí àwọn tó jẹ òróró sunflower fi ẹran ara gidi kún tiwọn jù wọ́n lọ.

Ẹ má torí ìyẹn lọ da epo pupa nù. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni saturated, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ oleic acid. Òróró àgbọn àti àdín le jù ú lọ: saturated inú wọn lé ní ìdá 80. Àwọn ọ̀dọ́ Uppsala yẹn, àjẹlékún kéèkì ni wọ́n ń jẹ, kì í ṣe ṣíbí epo kan nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Iye tá a ń dà sínú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn sárésáré

Ohun kan wà tó kọ́kọ́ rú mi lójú. Ní 2001, Bret Goodpaster àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, wo inú iṣan àwọn eléré ìdárayá tó máa ń sáré tàbí gun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà. Ọ̀rá kún inú iṣan wọn fọ́fọ́, ó pọ̀ bíi tàwọn tó ní àtọ̀gbẹ! Síbẹ̀, ara wọn ń gbọ́ ti ínsúlínì ju tẹnikẹ́ni lọ.

Kí ló dé? Ọ̀rá tiwọn kì í jókòó. Àárọ̀ ni wọ́n ń kó o wọlé, ọ̀sán ni wọ́n ń jó o. Ó dà bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tí ọjà ń wọlé tó ń jáde, àti èyí tí ọjà ti kún títí dé ẹnu ọ̀nà tí oníbàárà ò rọ́nà wọlé. Ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń ba iṣan jẹ́. Ọ̀rá tó pọ̀ nínú iṣan tí kì í ṣiṣẹ́ ni.

Ibi tí ayọ̀ wà nìyí: tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, GLUT4 máa ń dìde fúnra ẹ̀ láìdúró de aago. Ínsúlínì ò ní láti tẹ nǹkan kan. Tí ẹ bá ń rìn, iṣan itan yín á máa gba ṣúgà láti ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti ṣíwọ́, etí iṣan á ṣì là sí ínsúlínì dáadáa fún nǹkan bí ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tí ìrìn ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ò fi tó.

Ohun tí mo ṣe

Mo kọ́kọ́ fi ṣíbí ìjẹun wọn òróró tí mo fi ń dín ẹyin láàárọ̀. Ṣíbí mẹ́rin! Ṣíbí kan ń lọ bíi kálórì 120, ìyẹn 480 kí n tó ka ẹyin, búrẹ́dì ni mo sì fi ń nu èyí tó bá kù nínú àwo. Gíráàmù ọ̀rá kan máa ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí ti gààrí tàbí ẹ̀wà ò ju 4 lọ. Lójú mi, mi ò jẹun púpọ̀. Àkàrà láàárọ̀, dòdò lọ́sàn-án, ẹran ọlọ́ràá lálẹ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn lọ síbi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Báyìí, ṣíbí kan ni mo ń lò fún ẹyin. Mo ń bọ iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò kí n dín in lójoojúmọ́. Ẹja ti gba ipò ẹran ọlọ́ràá lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bà náà sì ti kéré sí i, torí oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù lára, ọ̀rá ló máa dà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Tá a bá jẹun alẹ́ tán, èmi àti màmá mi á jọ rìn dé oríta, a ó sì padà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Ní àkọ́kọ́ wọ́n ń ráhùn pé, "Ṣé o fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó kù yìí pa mí ni?" Ní báyìí, àwọn ló ń kan ilẹ̀kùn mi. Dókítà wọn ló kọ́kọ́ yọ̀ǹda o, wọn ò sì fi oògùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó má fọwọ́ ara ẹ̀ yí nǹkan kan padà.

Ohun tí mò ń ṣe yìí, àwọn Amẹ́ríkà ti dán an wò lára èèyàn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè. Èsì jáde ní 2002. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, iye àwọn tó kó àtọ̀gbẹ láàárín wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín kù. Àwọn tí wọ́n fún ní oògùn metformin, ìdá 31 ni. Ìrìn àti oúnjẹ ló ṣáájú oògùn.

Lẹ́yìn oṣù méje, mo ti kúrò ní kílò 97, mo ti di 89. Ṣúgà mi di 96. Ọrùn mi ò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bábà tẹ orí mi síwájú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kànìnkànìn ti ń dé ibẹ̀ o!" Mo ní kó dúró ná, kó gbé àbẹ ẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín yìí fún un. Lójúmọ́ kan, ẹ̀yìn ọrùn tó ń rí ju ti dókítà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá tún rí irú tèmi, kó má fi ẹni náà ṣẹ̀fẹ̀. Kó sọ fún un pé kó lọ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó jẹun.

Ohun kan náà ni mo bẹ ẹ̀yin náà. Lálẹ́ òní, ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn ara yín àti ti àbúrò yín. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi kànìnkànìn sílẹ̀.